Kó Ọwọ́ Rẹ Sábẹ́ Itan: Ohun Tí Mo Rí Nígbà Tí Mo Ń Kọ́ Ọmọdé Ní Kúùbù

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọdé bí wọ́n ṣe ń to kúùbù aláwọ̀ mẹ́fà, ohun ìṣeré olójú mẹ́fà tí a ń yí títí ojú kọ̀ọ̀kan fi máa ní àwọ̀ kan ṣoṣo, ọwọ́ ara rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kó sábẹ́ itan. Mi ò fi ṣàwàdà. Bí àgbàlagbà bá ti gba nǹkan náà lọ́wọ́ ọmọ pé "mú un wá, jẹ́ n fi hàn ẹ́", ìka àgbà ló ń ṣeré, ọmọ kàn ń wòran ni. Tó bá tò ó tán tó dá a padà, ọmọ á ní "ẹ ṣé", á sì jókòó ti ohun tí kò yé e. Mo ti rí i lọ́dọ̀ òbí tó pọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n tò gan-an ló máa ń ṣe é jù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló là mí lójú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọmọ ọdún méje ni, ọkùnrin, Abẹ́òkúta ni wọ́n ń gbé, ó wá lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lọ́dọ̀ mi n'Íbàdàn. Èmi fúnra mi, àsìkò kónílé-ó-gbélé ọdún 2020 ni mo kọ́ kúùbù, nígbà tí iṣẹ́ dúró tí ilé sì sú èèyàn. Láti ìgbà náà, orí fíríìjì ló ń gbé. Ibẹ̀ ni ọmọ yìí ti rí i. Ó gbé e, ó wò ó yíká, kò yí i. Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá yí i, ṣé ó máa bà jẹ́?"

Ìbéèrè yẹn gan-an ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó dì í mú, kí ojú pupa máa wo àyà rẹ̀. Mo ní kó gbé apá ọ̀tún lọ sókè lẹ́ẹ̀kan. Kó ti àjà òkè lọ sósì lẹ́ẹ̀kan. Kó sọ apá ọ̀tún kalẹ̀. Kó dá àjà òkè padà sọ́tùn-ún. Sókè, sósì, wálẹ̀, padà: orin wa nìyẹn. Àwọ̀ ti dà rú díẹ̀ lójú rẹ̀, ó sì wò mí bíi pé kí n gbà á. Mi ò gbà á. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ó tún dà rú sí i. Nígbà tó fi máa pé ẹ̀ẹ̀mẹfà, gbogbo àwọ̀ ti padà sáyè wọn, kò sí ẹyọ kan tó ṣáko. Bí ó ti wù kí kúùbù rí tẹ́lẹ̀, bí a bá ṣe mẹ́rin yìí lẹ́ẹ̀mẹfà, bó ṣe wà náà ló máa padà sí. Ọmọ yìí ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kígbe, ó sì tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ fún màmá mi. Lẹ́yìn náà ó ṣe é fún ọmọ aládùúgbò, ó tún ṣe é fún ọkùnrin tó wá ka mítà iná.

Ìdí méjì ni mo fi fẹ́ràn kí ìbẹ̀rẹ̀ rí báyẹn. Ọmọ máa rí i pé ohun tó dà rú lè ní ọ̀nà tó gbà padà, kò ní máa bẹ̀rù ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ìkejì ni pé ìka rẹ̀ ti mọ orin náà kó tó mọ ohun tí orin náà wà fún. Bó bá yá tí ojú bá níṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe, ọwọ́ ò ní máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ọ̀nà.

Mo sọ fún un pé ọkùnrin tó ṣe kúùbù yìí, Ernő Rubik, olùkọ́ ni ní ìlú Budapest, lórílẹ̀-èdè Hungary. Igi ló fi ṣe ti àkọ́kọ́ lọ́dún 1974. Ó yí i títí àwọ̀ rẹ̀ fi dà rú, ló bá di pé òun náà ò mọ ọ̀nà tí yóò gbà dá a padà. Ó tó nǹkan bí oṣù kan kó tó rí i ṣe. Ọmọ ní, "Ẹni tó ṣe é fúnra ẹ̀?" Mo ní, "Ẹni tó ṣe é fúnra ẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ìtàn yẹn wúlò fún un ju kí n máa sọ pé "ó rọrùn, ó rọrùn". Kò rọrùn. Ọmọ tí a bá sọ fún pé nǹkan rọrùn, tí kò wá rí i ṣe, ọpọlọ ara rẹ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí.

Lẹ́yìn èyí la wá dé ibi tí iṣẹ́ wà, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Sítíkà ni ojú ọmọdé kọ́kọ́ ń rí, mẹ́sàn-án lójú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 54. Ó rò pé sítíkà lòun ń lé kiri. Àgbàlagbà náà ò yàtọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé "mo lè to ojú kan". Wọ́n á to funfun mẹ́sàn-án jọ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á rí jákujàku: pupa, gíríìnì, pupa, búlúù. Kò sí ibì kankan tí ìyẹn ń gbé èèyàn lọ. Mo sọ fún ọmọ pé ilé alájà mẹ́ta la fẹ́ kọ́, ojú kan kọ́ la fẹ́ tò. Bíríkìlà kì í mọ ògiri iwájú dé òrùlé kó tó bẹ̀rẹ̀ tẹ̀gbẹ́. Yíká ilé ló máa ń to búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ìpele kan lé òmíràn.

A ò gbé sítíkà, ègé la ń gbé. Ègé 26 ló hàn síta. Mẹ́fà jẹ́ àárín, wọ́n ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Méjìlá jẹ́ etí, wọ́n ní àwọ̀ méjì méjì. Mẹ́jọ jẹ́ igun, wọ́n ní àwọ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn àárín kì í pàrọ̀ àyè láàárín ara wọn. Lára kúùbù tó wọ́pọ̀ jù, ẹ̀yìn funfun ni yẹ́lò máa ń wà, ẹ̀yìn búlúù ni gíríìnì, ẹ̀yìn pupa ni ọ́réńjì. Nítorí náà, àárín ló ni ojú. Ojú tí àárín rẹ̀ bá jẹ́ pupa, ojú pupa ni, kódà bí mẹ́jọ tó yí i ká bá jẹ́ gíríìnì.

Mo lè ro gbogbo èyí fún ọmọ ọdún méje, kó mi orí pé òun gbọ́. Mi ò rò ó. Mo rán an níṣẹ́ ni. Mo ní, "Bá mi wá etí kan tó ní funfun lápá kan, tó ní yẹ́lò lápá kejì. Tó o bá rí i, màá ra áísìkírìmù fún ẹ." Mo lọ sí kíṣìnnì, mò ń din dòdò. Mò ń gbọ́ ọ ní pálọ̀, tó ń yí nǹkan náà, tó ń dá sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Àǹtí, kò sí i."

"O wá a dáadáa?"

"Mo wo gbogbo ẹ̀. Funfun àti yẹ́lò, ẹ̀yìn ara wọn ni wọ́n wà. Wọn ò lè jọ wà lára ẹyọ kan ṣoṣo."

Mo ra áísìkírìmù náà fún un, ó tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tíì to ohunkóhun o, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ pé á tò ó. Ọmọ tó bá ti lè sọ pé ègé kan kò sí, tó sì lè sọ ìdí rẹ̀, ti kúrò lọ́dọ̀ sítíkà.

Láti ọjọ́ náà ló ti di eré àárín wa. Mo lè wà nídìí ọkọ̀, kí n ní, "Igun funfun, pupa, búlúù!" Á wá a, á fi ìka tọ́ka sí i. "Ilé ẹ̀ dà?" Á fi àtàǹpàkò tọ́ka sí ibi tí ojú mẹ́ta yẹn ti pàdé. Kò sí yíyí kankan nínú eré yìí. Bí òbí bá bi mí, màá ní kó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe rò lọ, kó má kánjú dé ibi yíyí. Ohun tó ń mú ọmọdé jù kúùbù sílẹ̀ ni pé ọwọ́ rẹ̀ ń yí ohun tí ojú rẹ̀ ò wá.

Àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní kúùbù ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní òdòdó, òun náà la lò. Ẹ gbé àárín yẹ́lò sókè, kẹ́ ẹ kó etí funfun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá yí i ká. Yẹ́lò láàárín, funfun mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́: òdòdó dé nìyẹn. Àwọ̀ kejì tó wà lára etí kọ̀ọ̀kan kò ṣe nǹkan kan ní báyìí ná. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé ọmọ ń rí iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, kò nílò orin kankan.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: tó bá ń gbé funfun kẹta bọ̀, èyí tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀ á jábọ́. Ó ṣe é, ó jábọ́. Ó tún un ṣe, ó tún jábọ́. Ojú rẹ̀ ti ń pọ́n. Ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi ń yún mi jù, torí ìyí kan péré ni mo máa fi tún un ṣe. Mo kàn bi í ni: "Ibi tó o fẹ́ gbé e sí yẹn, ta ló wà ńbẹ̀?" Ó wò ó. Ó ní, "Háà. Onílé wà nílé." Ó yí àjà òkè títí àyè tó ṣófo fi bọ́ síbẹ̀, ó wá gbé funfun náà sókè. Láti ìgbà náà, "onílé wà nílé" ti di ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó máa ń sọ ọ́ bí ilẹ̀kùn bàlúwẹ̀ bá tì mọ́ ọn.

Bí òdòdó bá ti pé, ẹ wo etí kan tó kọjú sí yín, kẹ́ ẹ wo àwọ̀ kejì rẹ̀. Ẹ yí àjà òkè títí àwọ̀ yẹn fi bá àárín tirẹ̀ pàdé. Wọ́n bá ara wọn? Ẹ yí ojú náà lẹ́ẹ̀mejì, funfun á lọ sísàlẹ̀. Ó di mẹ́rin, ẹ dojú kúùbù dé, àgbélébùú funfun ló wà níbẹ̀, apá kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì bá àárín ẹ̀gbẹ́ mu. Ọmọdé máa ń fẹ́ fo apá ìpàdé yẹn, torí àgbélébùú ṣì máa jáde láìsí i. Ẹ má jẹ́ kó fò ó.

Igun ló kàn, ibẹ̀ sì ni orin wa ti wá wúlò. Funfun wà nísàlẹ̀ báyìí. A wá igun tó ní funfun lájà òkè, a bi í pé ilé rẹ̀ dà, a yí òkè títí ó fi dúró lórí ilé rẹ̀, lọ́wọ́ ọ̀tún, níwájú. Ó wá ku sókè, sósì, wálẹ̀, padà, títí yóò fi wọlé tí funfun rẹ̀ á kọjú sílẹ̀. Ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Nígbà tí mo sọ pé orin yẹn náà ni, ó wò mí bí ẹni tí wọ́n tọ́jú owó pamọ́ fún.

Ìnira ibẹ̀ ni pé bí èèyàn bá dúró sí "sókè, sósì" tó wo ilẹ̀, á rí i pé àgbélébùú ti ya. Ọmọ á rò pé òun ti ba iṣẹ́ àná jẹ́, á dáwọ́ dúró níbi tí kò yẹ, ibẹ̀ sì ni yóò ti bà jẹ́ lóòótọ́. Òfin tí a ṣe ni pé a kì í wò ó títí a ó fi sọ "padà". Ó gba òfin náà ju bí mo ṣe rò lọ: ó ń dijú. Òfin kejì ni pé kò gbọ́dọ̀ yí gbogbo kúùbù lọ́wọ́ láàárín orin. Àárín tó bá ń wo àyà rẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ni kó ṣì máa wò ó nígbà tó bá parí.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa kúùbù fúnra rẹ̀, torí wọ́n ń fi ẹ̀sùn rẹ̀ kan ọmọ. Àwọn tó le, tó jẹ́ pé gbogbo ọwọ́ lèèyàn máa fi yí i, kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹ fi ìka méjì yí ẹ̀gbẹ́ kan wò níwájú ẹni tó ń tà á; tó bá kọ̀, ẹ dá a padà fún un. Èyí tí àwọ̀ ti wà lára rọ́bà rẹ̀ dára ju onísítíkà lọ, torí ọmọ tí nǹkan bá sú máa ń fi èékánná ṣí sítíkà. Ìmọ́lẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n, pupa àti ọ́réńjì máa ń jọra, funfun àti yẹ́lò náà ń jọra. Fáráńdà la ti ń ṣe é, lójú mọmọ.

Ọmọ aládùúgbò kan wá gbé tiwa lọ, ó fi rúlà tú u palẹ̀, ó sì kó o padà bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Mi ò mọ̀. Èmi ni mo fẹ́ tò ó lálẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo rẹ̀ pé, ó ku igun kan ṣoṣo tó ṣẹ́rí sódì. Ẹni tó bá mọ kúùbù mọ̀ pé ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀: kò sí bí a ṣe lè yí i tí igun kan péré á fi ṣẹ́rí kí gbogbo ìyókù sì wà nípò. Bí èèyàn bá tú kúùbù palẹ̀ tó sì kó o padà láìwò ó, ẹ̀ẹ̀kan péré nínú méjìlá ló lè bọ́ sí èyí tó ṣe é tò. Mo pe ọmọ, mo fi hàn án, mo ní kó fi àtàǹpàkò yí igun náà fúnra rẹ̀ títí ó fi bára mu. Nítorí náà, bí ọmọ yín bá ń wí pé kò bọ́ sí i, tí gbogbo ohun tó ń ṣe sì tọ́, ẹ wo nǹkan ọwọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ojú rẹ̀.

Ó rí fídíò lórí fóònù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ti Max Park, ọmọ Amẹ́ríkà tó fi ìṣẹ́jú àáyá 3.13 tò ó lọ́dún 2023. Lójú ẹsẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ju kúùbù káàkiri, ó ń yí i gbàrà gbàrà, ojú ò bá ọwọ́ lọ mọ́. Mo sọ fún un pé ọmọ yẹn, ọtísíìmù wà lára rẹ̀ láti kékeré, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀, ìka rẹ̀ ò ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀, kúùbù sì jẹ́ ara ohun tí àwọn òbí rẹ̀ fi ràn án lọ́wọ́. Ìyẹn mú un dákẹ́ díẹ̀, kò mú un rọra yí i. Lójú tèmi, kí fídíò eré sísá dúró ná títí ọmọ á fi lè to àjà kan láìbèèrè.

Ohun tó mú un rọra ni nọ́ńbà. Ó ní bí òun bá ń yí i lọ ṣáá, ó máa tò fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, iye ọ̀nà tí kúùbù lè gbà dà rú: 43,252,003,274,489,856,000. Ó ka díjíìtì rẹ̀, ó jẹ́ 20. Mo ní ohun tó yani lẹ́nu ni pé lọ́dún 2010, àwọn olùṣèwádìí fi kọ̀ǹpútà fi hàn pé bó ti wù kó dà rú tó, yíyí 20 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ti tó láti tò ó. Ó bínú. "Kí ló dé tí tiwa fi pọ̀ tó yẹn?" Tiwa lè ju ọgọ́rùn-ún lọ, òótọ́ ni. Mo ní ọ̀nà ogún yẹn, kọ̀ǹpútà ló ń rí i. Tiwa ni èyí tí ojú èèyàn lè máa tẹ̀ lé. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, mi ò sì rò pé ó yẹ kó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Àjà kejì kò gba àkókò púpọ̀, torí orin kan náà ni, a kàn fi ọwọ́ òsì kún un. Etí tí kò ní yẹ́lò là ń wá lókè. A ó jẹ́ kí àwọ̀ iwájú rẹ̀ bá àárín pàdé, a ó tì í kúrò lápá ibi tó ń lọ, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún kọ orin náà, a ó yí kúùbù kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì, a ó fi ọwọ́ òsì kọ ọ́ ní òdìkejì. Bí etí náà bá ń lọ sápá òsì, ọwọ́ òsì ló máa kọ́kọ́ kọ ọ́. Màmá mi, tó ń wò wá láti orí àga, kò fara mọ́ ibẹ̀ rárá. "Ṣé ọwọ́ òsì lò ń fi bẹ̀rẹ̀ nǹkan?" Ọmọ ní, "Màmá àgbà, ẹ má bínú, apá òsì nilé ẹ̀ wà."

Ibẹ̀ la dé tí ìsinmi fi tán. Ó gbé kúùbù lọ sí Abẹ́òkúta, àjà òkè ṣì kù. Orí fóònù la ti ń ṣe ìyẹn. Mi ò rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, nítorí náà òun ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún mi. Níbi tí a wà báyìí, ohun mẹ́ta ló lè wà lókè, yàtọ̀ sí àgbélébùú yẹ́lò tí à ń wá fúnra rẹ̀: ẹyọ yẹ́lò kan láàárín, tàbí yẹ́lò tó ṣẹ́ kọ́rọ́, tàbí ìlà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní ìlà ló dé. Kí n tó sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ ti gba fóònù.

"Ṣé ìwọ lo fún un ní nǹkan tó ń ké kiriki-kiriki mọ́ wa létí títí di òru yìí? Wá gbé e o."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi í bóyá ìlà náà wà ní ìbú."

Ó bi í. Ó ní ó wà ní ìbú.

"Ẹ ní kó yí ojú iwájú lẹ́ẹ̀kan sápá ọ̀tún, kó kọ orin wa lẹ́ẹ̀kan péré, kó sì dá ojú iwájú padà."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Orin wo?"